Rọ́bà ọrùn drysuit tuntun mi ń fún mi: ṣé kí n gé e ni?

Arìnmi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú omi. Drysuit mi, aṣọ tí à ń wọ̀ lọ sábẹ́ omi tí kì í jẹ́ kí omi kàn wá lára, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Rọ́bà latex ló wà ní ọrùn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ojú mi á máa wú, òòyì á sì fẹ́ kọ́ mi. Bàtà rẹ̀ náà tóbi díẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní rọ́bà ọrùn náà yóò là fúnra rẹ̀ tó bá yá. Ṣé òótọ́ ni?

Baba Odò:
Àbúrò, jọ̀ọ́, má tíì wọ̀ ọ́ wọnú omi. Òòyì yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fara dà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí ọpọlọ ní ibì kan tó máa ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara rẹ̀. Bí nǹkan bá tẹ ibẹ̀, ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, á sì mú kí lílù àyà lọ́ra. Èèyàn lè dákú. Lórí ilẹ̀, wọ́n á gbé ọ dìde. Lábẹ́ omi ńkọ́?

Neoprene, rọ́bà tó nípọn bíi fómù, ni à ń nà kó tó là. Latex, gígé ni. Ó rí bí àrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà bí o bá ṣe ń gé e lẹ́nu ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ki ohun róbótó tó ń dán sínú rẹ̀ kó lè nà díẹ̀. Àlùmọ́gàjí tó mú ni kí o lò, gé bíi mìlímítà 3 péré yíká. Má pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé pátápátá títí wàá fi yíká tán: ibi tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ ni yóò ti ya lọ́jọ́ kan. Tún un wọ̀, jókòó pẹ̀lú rẹ̀, gbé itọ́ mì, yí ọrùn. Kó o mọ̀ pé ó wà lọ́rùn rẹ, kó má sì ni ọ́ lára. Èyí tí o bá gé kò ṣeé lẹ̀ padà o!

Fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀ ná, àfi bí ọwọ́ bá ń kú. Bí èèyàn bá di nǹkan mú, iṣan ibẹ̀ á yọ, omi á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Fà á gòkè díẹ̀ kọjá egungun ọrùn ọwọ́.

Ìyá Òkun:
Kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, wọ gbogbo aṣọ òtútù tí wàá máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lóṣòó. Di apá mọ́ àyà. Na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ ti ẹnu sílíńdà afẹ́fẹ́ tí à ń gbé sẹ́yìn. Bí ó bá fà ọ́ ní itan tàbí èjìká, dá a padà fún wọn, nítorí ta ló máa gba aṣọ tí o ti gé?

Má fojú kékeré wo bàtà yẹn. Afẹ́fẹ́ á sá lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á wá lọ sókè, orí á wà nísàlẹ̀, bàtà náà tilẹ̀ lè bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, àti bẹ́líìtì tí à ń dè mọ́ ojúgun.

Arìnmi:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo lóṣòó, kò fà mí, ọwọ́ mi sì dé ẹnu sílíńdà. Mo ti gé díẹ̀ lọ́rùn, òòyì ti lọ, àmọ́ mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣé kí n tún gé e?

Baba Odò:
Rárá, dúró níbẹ̀. Wọ̀ ọ́ lọ sí omi tí kò jìn, kí ẹnìkejì rẹ wà nítòsí, kó o wo bóyá omi á wọ aṣọ abẹ́ rẹ. Páúdà tí kò lóòórùn ni kí o fi pa rọ́bà náà kó o tó wọ̀ ọ́.