Púlọ́ọ̀gì Corolla mi: mo wá jábọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín léèrè bóyá kí n fúnra mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) àti wáyà tó ń gbé iná lọ bá a nínú ọkọ̀ Corolla 1996 mi, tó ń gbọ̀n rìrì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, tàbí kí n san owó tí mẹkáníìkì pè. Èmi ni mo ṣe é.

Ládípọ̀ ni mo ti ra ọjà. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí téèyàn bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, ó lè ba eyín ihò tí a ń yí i sí jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n máa tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣeun o! Bí wọ́n bá dàrú mọ́ra wọn, ọkọ̀ kò ní í dáhùn dáadáa. Rọ́bà orí wáyà ni mo dì mú, n kò fa wáyà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí púlọ́ọ̀gì tuntun wọlé kí n tó fi sípánà fún un díẹ̀.

Ihò púlọ́ọ̀gì kẹta ló yà mí lẹ́nu: ọ́ìlì ti rọ́ sínú rẹ̀, rọ́bà wáyà ibẹ̀ sì ti wú. Ohun tó ń dí ojú ihò náà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ti gbó. Àtúnṣe ìyẹn ni mo gbé lọ fún mẹkáníìkì ní Ṣómólú (ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi ni). Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ọkọ̀ ti ń dúró jẹ́ẹ́ báyìí. Sípánà púlọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wà ní Yábàá tó fẹ́ yá a, kó ké sí mi.