"Ẹ̀wọ̀n ìpèsè" àbí "ìsokọ́ra ìpèsè"? Lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ aṣọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún títúmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ iṣẹ́ aṣọ: "ẹ̀wọ̀n ìpèsè" fún supply chain (ọ̀nà tí ọjà ń gbà láti oko dé ọwọ́ ẹni tó rà á), "alálòtọ́jọ́" fún sustainable (ohun tí kò ní pa ọjọ́ iwájú lára), "ìdènà" fún barrier (ohun tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́).

Kì í ṣe torí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mi ò ṣe fara mọ́ "ẹ̀wọ̀n". Àwòrán tó ń yà síni lọ́kàn ni kò tọ̀nà. Ẹni tó bá di òrùka ìparí ẹ̀wọ̀n mú, tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á dé ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ kóró òwú tán, wọ́n á dì í ní bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìdì ńlá. Ní ilé ìrànwú, wọ́n á to ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì láti oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ á máa já díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á pò wọ́n pọ̀ kí òwú tí wọ́n ń ran lè dọ́gba. Láti ibẹ̀ lọ, ta ló tún lè sọ pé oko báyìí ló ti wá? Ilé-iṣẹ́ tó ń ta aṣọ sábà máa ń mọ ẹni tó rán an. Ó lè má mọ ẹni tó pa á láró, ká má tíì sọ ti àgbẹ̀. Nígbà tí Rana Plaza, ilé alájà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìránṣọ wà nínú rẹ̀, wó ní Bangladesh ní 2013, tó pa èèyàn tó lé ní 1,100, inú àlàpà ni wọ́n ti ń ṣa lébẹ́ẹ̀lì aṣọ kí wọ́n lè mọ àwọn tí wọ́n ń ránṣọ fún. "Ìsokọ́ra ìpèsè" ni mo fara mọ́: ohun tó so kọ́ra lè lọ́ mọ́ra, ó sì lè ta kókó.

"Alálòtọ́jọ́" ńkọ́? Pọliẹ́sítà, fọ́nrán aṣọ tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òǹkàwé á rò pé aṣọ tí kì í gbó là ń wí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀, omi àti òṣìṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ gbó. Ẹ wo aró reactive, irú aró kan tí wọ́n fi ń pa aṣọ òwú láró: fún àwọ̀ tó kún, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sínú omi aró lè tó gíráàmù 50 sí 80 fún lítà kan. Iyọ̀ yẹn kì í dúró lára aṣọ, omi ìdọ̀tí ló ń bá lọ, sísẹ́ lásán kò sì lè yọ ọ́. Mo dábàá "àìbọ̀lajẹ́", láti inú "ba ọ̀la jẹ́". Ẹ fi àmì ohùn sí i o, kí ẹnì kan má lọ kà á sí ọlá.

Ní ti "ìdènà", ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: ìdènà àrùn, ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Aṣọ alápòpọ̀ òwú àti pọliẹ́sítà tó ṣòro yà sọ́tọ̀ kò dènà de ẹnikẹ́ni, ìdíwọ́ ni. Àmọ́ oníbàárà tó ní kí ilé aró tọ́jú omi ìdọ̀tí rẹ̀, tó tún ní kí wọ́n dín owó kù lọ́dọọdún, ẹ lè pe tirẹ̀ ní ìdènà.