Ẹ gbà mí o, Faransé àwọn agbẹ́rù fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Ìyá Wúrà
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, mo kà á ní yunifásítì, mo tún lọ gbé ní Abúlé Faransé tó wà ní Àgbádárìgì, torí náà mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù kiri ilẹ̀ Faransé kó mẹ́sẹ́ẹ̀jì kéékèèké bí ogójì fún mi, àwọn tó máa ń wọlé sórí fóònù èèyàn pé ẹrù ẹ ti kúrò, ẹrù ẹ ti dé. Mo ní kí leléyìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo ṣe é lọ́jọ́ kan lóòótọ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ wọ́n dá a padà, gbogbo ẹ pupa bí epo.

Àwọn tó ń dà mí láàmú jù nìyí: "colis en instance", "avis de passage", "remis au gardien", àti "frais de port". Èyí tó kẹ́yìn yẹn mo kọ "port charges", ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò ní ṣé Àpápá lẹrù náà gbà kọjá ni. Ojú tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn gbé, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ nǹkan wọ̀nyí gan-an? Fúráìdeè ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ padà o.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibi tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá la ń sọ nílé, Faransé la fi kàwé. "Port" yẹn ò kan èbúté rárá, inú "porter" ló ti jáde, kéèyàn gbé nǹkan, owó àgbérù ni. Ẹ kọ "delivery charge" tó bá jẹ́ ará Ìlú Ọba ló máa kà á, "shipping" tó bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá wá rí "port payé", ẹni tó fi ránṣẹ́ ti sanwó, "port dû", ẹni tó fẹ́ gbà á ló máa san. Ẹ má ṣi ìyẹn tú o, ìjà ló máa dá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"En instance" ni pé ẹrù ti dé pósítọ́fíìsì, ó jókòó, ó ń retí kẹ́ni tó ni ín wá gbé e. "Awaiting collection" ni ti Ìlú Ọba, "ready for pickup" ni ti Amẹ́ríkà.

Ìyá Wúrà
Háà! "Parcel in instance" ni mo kọ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Páríìsì
Mo ti rín in ná. Ẹ jẹ́ n sọ ti "gardien" torí ọ̀dọ̀ ẹ lẹrù mi máa ń sùn. Ní Páríìsì níbí, ọ̀pọ̀ ilé alájà-lórí-àjà ló ní ẹnì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, yàrá ẹ ni wọ́n ń pè ní "loge", òun ló ń gbá àtẹ̀gùn, òun ló ń ti garawa ìdọ̀tí síta, òun náà ló ń bá àwọn tí ò sí nílé gba ẹrù. Tiwa, obìnrin ni, "gardienne". Kì í ṣe máígádì bíi tilé o, kò sí géètì kankan tó ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá wá kọ "guardian", ńṣe lèèyàn á rò pé alágbàtọ́ ọmọ ni wọ́n kó ẹrù fún. "Left with the caretaker" á yé ará Lọ́ńdọ̀nù.

"Avis de passage" ní tiẹ̀, ó ti fojú mi rí nǹkan. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo bá bébà kékeré kan nínú àpótí lẹ́tà, mo rò pé ìpolówó ọjà ni, mo jù ú nù. Àṣé èlùbọ́ tí màámi fi ránṣẹ́ ni wọ́n gbé wá tí wọn ò bá mi nílé. Èlùbọ́ yẹn rí Páríìsì, ó tún padà sí Ṣàgámù, mi ò fojú kàn án. Nítorí náà "avis" ibí yìí kì í ṣe èrò ọkàn ẹnikẹ́ni, ìwé tó ń sọ fún ẹ pé a wá o, a ò bá ẹ ni. Ẹ lè kọ "missed delivery card", àbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yé èèyàn kíá, "Sorry we missed you". Lẹ́tà "recommandé", ìyẹn "registered" tá à ń fọwọ́ sí ká tó gbà, ọjọ́ 15 ni wọ́n máa fi tọ́jú ẹ, tó ò bá lọ gbà á, ó ń padà nìyẹn. Tó o bá ń lọ kó o mú "pièce d'identité" dání, ìyẹn "proof of ID", ẹ má kọ "piece" kankan síbẹ̀.

Aláfẹ́
Gbogbo wàhálà yìí fún kí ni, ṣebí ẹ̀rọ wà tó ń túmọ̀, ẹ da gbogbo ẹ sínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ gbowó yín jàre.

Ìyá Wúrà
Bọ̀dá, ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó wá mi wá.

Dẹ́rẹ́bà Peckham
Èmi fáàn ni mò ń wà, ẹrù ni mò ń pín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́. Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì ibo ni wọ́n fẹ́, tẹ́ ẹ bá da Gẹ̀ẹ́sì méjì pọ̀ wọ́n tún máa dá a padà ni. "Point relais" ńkọ́, ẹ má kọ "relay point", ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tó ń bá wọn gba ẹrù ni, "parcel shop" tàbí "pickup point". Àmọ́ tó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ bíi Mondial Relay, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni CEDEX, àmì fún lẹ́tà àwọn ilé iṣẹ́, tó máa ń wà lẹ́yìn orúkọ ìlú nínú àdírẹ́sì, ẹ má fọwọ́ kàn án, lẹ́tà á sọnù.

Bàbá Pósí
Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pósí, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹgbẹ́ Pósí Àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bern ní 1874, Faransé lèdè wọn, ọdún 1994 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Gẹ̀ẹ́sì wọlé bí èdè iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí "par avion", ìyẹn "by air mail", fi wà lára lẹ́tà tá à ń fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ a ò gbọ́ Faransé. Lọ wá lébẹ́ẹ̀lì CN15 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó ń padà, "inconnu" ni unknown, "refusé" ni refused, "non réclamé" ni unclaimed. Wọ́n ti tú u fún ẹ tipẹ́, má tún wá èyí tó dùn létí jù.

Ìyá Wúrà
Ẹ ṣé gan-an Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ó ku "affranchissement insuffisant". Mo wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó ní dídá ẹrú sílẹ̀ lómìnira.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹrú tó gbòmìnira ni "affranchi", lẹ́tà tí wọ́n sì ti san owó sítáǹbù ẹ náà ti gbòmìnira, kò sẹ́ni tó tún máa dá a dúró lọ́nà. Èmi tí mo dàgbà láàárín ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wálé, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe mí bákan tí mo bá rí i lórí àpò ìwé. Àmọ́ "insufficient postage" ni kẹ́ ẹ kọ.

Èyí tẹ́ ẹ ò tíì béèrè ló máa pa yín o, "jours ouvrables" àti "jours ouvrés". Ouvrables, Mọ́ńdè dé Sátidé ni, ọjọ́ mẹ́fà. Ouvrés, ọjọ́ márùn-ún tí ọ́fíìsì ń ṣí. Gẹ̀ẹ́sì á gbé méjèèjì mì pọ̀, á ní "working days". Ẹ wò ó, ẹrù kúrò ní Tọ́sìdeè, wọ́n ní "sous 2 jours ouvrables", Sátidé ló ń bọ̀ yẹn, oníbàárà tó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì á ní ó di Mọ́ńdè, á ti bá tiẹ̀ lọ sóde ìnáwó, wọ́n á kànlẹ̀kùn títí. Ẹ kọ ọ́ gbangba, "within 2 days, Monday to Saturday". "Sous" yẹn ò sì túmọ̀ sí abẹ́ nǹkan.

Ìyá Wúrà
Yéè! Ibi mẹ́rin ló wà nínú iṣẹ́ mi, "working days" ni mo kọ síbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò tiẹ̀ fa pupa sí i. Mò ń lọ tún un ṣe.

Ìyá Wúrà
Ẹ kú àná o. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n gbà á, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, wọ́n yọ "caretaker", wọ́n fi "concierge" sí i.

Bọ̀dá Páríìsì
Concierge kẹ̀! Faransé ni wọ́n tún fi túmọ̀ Faransé? Gardienne tiwa ò ní gbà kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ o, ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ dá a padà fún wọn.

Ìyá Wúrà
Bọ̀dá mi, wọ́n ti sanwó.