Àbọ̀ lórí lóònù ilé mi: ó ti yanjú

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo béèrè bí n ṣe lè dín owó oṣooṣù tí mò ń san lórí lóònù tí mo fi ra ilé mi ní Houston kù láìgba lóònù tuntun, torí èlé mi ò tó 3%, ti òde òní sì ga jù ú lọ dáadáa.

Recast ni mo ṣe. Mo kó owó àjọ tí mo gbà fún báńkì, wọ́n yọ ọ́ lára ojú owó, wọ́n wá pín ìyókù sórí oṣù tó kù. Èlé ò yí, ọdún ò yí, owó oṣooṣù ló wálẹ̀. Ẹ dárúkọ recast fún wọn o! Bẹ́ ẹ bá kàn sanwó lé e, gbèsè á tètè tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye oṣooṣù ò ní yẹ̀. Kò sí recast fún lóònù FHA tàbí VA, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe onídùúró fún.

Ẹni tó ní kí n wo PMI, ìyẹn adójútòfò tí wọ́n so mọ́ lóònù ilé, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi ni mò ń san án, báńkì ló ń dáàbò bò! Gbèsè ti wálẹ̀ dé 80% iye tí mo ra ilé, mo kọ̀wé, wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, ó di 78% kí wọ́n tó yọ ọ́ fúnra wọn.

Fọ́ọ̀mù homestead, ti ẹ̀dínwó fún ilé téèyàn fúnra ẹ̀ ń gbé, náà ti lọ, kí owó orí ilé lè dínkù. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.