Bí adójútòfò ìlera bá kọ̀ láti sanwó ní Amẹ́ríkà

Ìwé tó máa ń kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ọsibítù dé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ EOB, Explanation of Benefits. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe bílì, àlàyé ohun tí adójútòfò san àti ohun tó kù fún yín ni. Ọ̀pọ̀ ará wa á rí owó gọbọi lára rẹ̀, àyà wọn á já, wọ́n á sì yára sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ títí EOB àti bílì ọsibítù yóò fi wà lọ́wọ́ yín pọ̀. Iye tí EOB kọ síwájú "patient responsibility" (owó tí aláìsàn máa san) ló yẹ kó bá bílì mu. Bí ọsibítù bá wà nínú network adójútòfò yín (àwọn tó bá a ṣe àdéhùn), kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìtọ́jú tí ètò yín kó mọ́ra.

Ẹ tún béèrè itemized bill. Bílì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ àròpọ̀ lásán. Itemized bill ló máa to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kóòdù CPT rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ìṣègùn mọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí 99285, ìpele tó ga jù ní emergency, fún ọmọ tí wọ́n kàn fún ní oògùn ibà tí wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Bí adójútòfò bá kọ̀, ẹ bi ọ́fíìsì bílì léèrè kóòdù tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PR (patient responsibility) ni ti aláìsàn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CO (contractual obligation) wà láàárín ọsibítù àti adójútòfò, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lé yín lórí. CO-29, fún àpẹẹrẹ, ni pé ọsibítù pẹ́ kó tó béèrè owó. Ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. CO-22 yàtọ̀ díẹ̀, torí ọwọ́ yín ni àtúnṣe rẹ̀ wà: adójútòfò gbà pé òmíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ san. Ó wọ́pọ̀ níbi tí tọkọtaya ti ní adójútòfò níbi iṣẹ́ oníkálukú. Fún ọmọ wọn, ti òbí tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣáájú nínú ọdún ló ń kọ́kọ́ san, láìka ẹni tó dàgbà jù sí. Ẹ pe adójútòfò méjèèjì, kí ẹ ní kí wọ́n tún coordination of benefits (ètò ẹni tó ń kọ́kọ́ san) ṣe.

CO-50 ló le jù: wọ́n ní ìtọ́jú náà kò pọn dandan. Ẹ kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Ọjọ́ 180 lẹ ní láti ìgbà tí ìwé tí wọ́n fi kọ̀ bá ti dé ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ béèrè ìlànà tí wọ́n fi ṣèpinnu. Ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni kí wọ́n fún yín. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbí. Bí ìlànà bá ní kí ẹlẹ́yìn dídùn ti gba ìtọ́jú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ 6 kó tó ya MRI (àwòrán inú ara), lẹ́tà dókítà gbọ́dọ̀ to ọjọ́ physical therapy, orúkọ oògùn àti bí ara ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "aláìsàn mi nílò rẹ̀" á padà sọ́wọ́ yín. Ẹ tún ní kí dókítà béèrè peer-to-peer, kó bá dókítà adójútòfò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú certified mail, kí ẹ̀rí ọjọ́ wà.

Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fèsì lórí ìtọ́jú tí a kò tíì ṣe, ọjọ́ 60 lórí èyí tí a ti ṣe, wákàtí 72 bó bá jẹ́ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ béèrè external review láàárín oṣù 4. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ló máa yẹ ọ̀rọ̀ wò, ohun tó bá sì sọ, dandan ni kí adójútòfò tẹ̀ lé e.

Láti January 2022, òfin No Surprises Act ti dènà bílì ńlá láti ọ̀dọ̀ emergency tí kò sí nínú network, àmọ́ kò kan ọkọ̀ ambulance orí ilẹ̀. Bí gbèsè tó kù bá sì jẹ́ tòótọ́, tí ọsibítù náà jẹ́ nonprofit (tí kì í ṣe fún èrè), ẹ gba fọ́ọ̀mù financial assistance (ìrànlọ́wọ́ owó). Ọjọ́ 240 lẹ ní láti ìgbà bílì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé bílì ti dé ọwọ́ àwọn agbowó gbèsè.