Ẹ gbà mí o: ibo ni ìtẹríba Kristẹni fún ìjọba parí sí?

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo máa darí ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí Róòmù 13, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ́jú pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Pọ́ọ̀lù ní ká tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú Ìṣe 5:29, Pétérù kò fi bò rárá: ti Ọlọ́run ló yẹ ká gbọ́ ju ti èèyàn lọ.

Mo yẹ ìtàn wò, kò tú u. Lọ́dún 380, Theodosius, olú ọba Róòmù, sọ ẹ̀sìn Kristẹni di ti ìjọba Róòmù. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìpakúpa Tẹsalóníkà lọ́dún 390, níbi tí àwọn ọmọ ogun Theodosius ti pa àwọn ará ìlú, Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Mílàn, kò gbà kí olú ọba yìí kan náà jẹ oúnjẹ Olúwa àfi tó bá ronú pìwà dà. (Ìyẹn wú mi lórí, kí n má purọ́.) Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ Kristẹni fara mọ́ Hitler, àwọn tó kọ̀ gbé Ìkéde Barmen jáde lọ́dún 1934, pé Kristi ni ìjọ gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe ìjọba.

Kí lẹ fi ń mọ̀ pé àṣẹ ìjọba ti kọjá ààlà? Ṣé ìjọ ló ń pinnu ẹ̀ ni, àbí ẹ̀rí ọkàn kálukú? Ẹni tó bá ti kọ́ni ní orí yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?