Ọjọ́ Kan ní Amsterdam, Láàárín Bàálù Méjì

Nígbà tí mo ń ti Èkó padà sí Manchester, mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ìrìn-àjò tí yóò dá mi dúró ní Amsterdam, olú-ìlú Nẹ́dálándì, láti ìdájí títí di alẹ́. Bàálù tó bá gbéra ní Èkó lóru sábà máa ń balẹ̀ sí pápákọ̀ Schiphol kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo sì gba èyí tó ń lọ sí Manchester ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá irú rẹ̀ láṣà, kó rántí pé ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè jáde sí ìgboro láìní físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹrù ńlá mi ti ń bá tirẹ̀ lọ tààrà, mo sì fi báàgì ọwọ́ sínú àpótí alágàdágodo tí wọ́n ń sanwó lò ní pápákọ̀, ni mo bá jáde.

Ìyanu ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé ìgboro. Ilẹ̀ tí bàálù wa bà sí jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan nígbà kan rí, Haarlemmermeer lorúkọ rẹ̀, ọdún 1852 sì ni wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ gbẹ tán. Títí di òní, ó ṣì fi nǹkan bíi mítà 3 rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé ibùdókọ̀ Amsterdam Centraal ní bí ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò sọdá omi IJ láìgba kọ́bọ̀ wà. Mo wọ̀ ọ́ lọ, mo wọ̀ ọ́ bọ̀, n kò sì ní iṣẹ́ kankan lódìkejì.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé gbàgede Dam, níbi tí ààfin ọba wà. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n kọ́ ọ láti jẹ́ ní ọ̀rúndún 17, orí òpó igi 13,659 ni wọ́n sì gbé e lé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń rántí iye náà: wọ́n á mú iye ọjọ́ inú ọdún, wọ́n á fi 1 ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á fi 9 tẹ̀ lé e. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ni ilẹ̀ ìlú náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ní láti gún igi wọlẹ̀ títí yóò fi kan iyanrìn líle tó wà ní nǹkan bíi mítà 12 sísàlẹ̀. Igi tó bá wà nínú omi pátápátá kì í tètè jẹrà, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá fà, tí orí igi yọ sí afẹ́fẹ́, ni wàhálà ń dé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fojú kúrò lára ìwọ̀n omi ìlú. Síbẹ̀, àwọn ilé kan ti rì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fara ti ara wọn bí àwọn àgbà tó ń ti ìdí ẹmu bọ̀.

Láti Dam ni mo ti yà sí àwọn odò àgbẹ́ ńlá mẹ́ta tó yí àárín ìlú ká, Herengracht, Keizersgracht àti Prinsengracht, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní ọdún 1613. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré, ìmọ̀ràn mi ni pé kó pa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tì, kó sì máa rìn létí omi. Ilé tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tó lókìkí, fara pa mọ́ sí nítorí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì láti oṣù Keje ọdún 1942 di oṣù Kẹjọ ọdún 1944 wà ní Prinsengracht, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì máa ń tètè tán. Ìta ni mo ti wò ó. Ní tòsí rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Westerkerk wà, níbi tí wọ́n sin ayàwòrán Rembrandt sí ní ọdún 1669.

Ẹ gbójú sókè bí ẹ bá ń rìn níbẹ̀. Ní òkè pátápátá iwájú ọ̀pọ̀ ilé ni igi kan ti yọ síta, tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Àtẹ̀gùn inú àwọn ilé náà há, ó sì dúró ṣánṣán, nítorí náà okùn ni wọ́n ń so mọ́ ìkọ́ yẹn láti fa ẹrù gba ojú fèrèsé wọlé. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò a máa kó ọjà pamọ́ sí àjà ilé ara wọn. Lóde òní, bẹ́ẹ̀dì àti àga ni wọ́n ń fà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú sókè jù, nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń yí ìlú po fún bíi wákàtí kan. Ibi tó dá mi dúró jù lẹ́yìn tí mo sọ̀kalẹ̀ ni Herengracht, níbi tí àwọn ilé ti tóbi jù lọ. Ilé kejìlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nọ́ńbà 502, tí olórí ìlú ń gbé, ni wọ́n kọ́ ní ọdún 1672 fún Paulus Godin, ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ West-Indische Compagnie tó ń ṣòwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín ọdún 1730 sí 1740, ará Nẹ́dálándì kan, Hendrik Hertogh, wà lára àwọn tó sọ Àgbádárìgì di èbúté òwò ẹrú. Nígbà tí mo mọ èyí, n kò lè wo ẹwà àwọn ilé náà bí mo ṣe ń wò ó láàárọ̀ mọ́. Olórí ìlú, Femke Halsema, tọrọ àforíjì lórúkọ ìlú lórí òwò ẹrú náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021. Ọba wọn, Willem-Alexander, ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023 nínú ọgbà Oosterpark, níbi tí ère ìrántí àwọn ẹrú ti wà láti ọdún 2002. Tíráàmù ni mo wọ̀ débẹ̀. Bí ààyè yín bá gbà á, ẹ má fo ibẹ̀.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Suriname, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí Nẹ́dálándì ṣàkóso rí, ni mo ti jẹun kẹ́yìn. Wọ́n gbé nǹkan kan wá tí wọ́n ń pè ní bakabana. Dòdò ni, ọbẹ̀ ẹ̀pà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò gbà pé ẹ̀pà bá dòdò mu, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, mo sì kọrí sí ibùdókọ̀ nígbà tó ku wákàtí mẹ́ta kí bàálù mi gbéra.